Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá Mi

Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá mi fi kọ́ mi ní tẹníìsì kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní ìlú Oǹdó, lórí kọ́ọ̀tù ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn ilé ìwé tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà eré ìdárayá. Àwọn ọmọ tíṣà yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, wọ́n ń gbá a bọ̀, èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ìdúró! Àfi bí ẹni pé láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ìrákòrò, n kò tíì mọ̀ ọ́n dúró.

Wọn á ní kí n ya ẹsẹ̀ mi síra kí ó fẹ̀ tó èjìká, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n sì gbé ara lé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á ti bébà pélébé kan bọ abẹ́ gìgísẹ̀ mi. Bí wọ́n bá fà á tí ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dáa. Bí kò bá yọ, a jẹ́ pé mo ti sùn lórí gìgísẹ̀ nìyẹn, a ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kórìíra bébà yẹn ju ẹgba lọ. Ẹgba, bí wọ́n bá nà án tán, ó tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù tó bá gba apá òsì wá ló máa ń fi ọwọ́ ẹ̀yìn gbá: á yí èjìká ọ̀tún sí nẹ́ẹ̀tì, á sì na apá kọjá àyà rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bàbá mi ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ òsì á kọ́kọ́ yí lórí ilẹ̀, á tẹ̀ díẹ̀ ní orúnkún, á gba gbogbo ẹrù ara. Nígbà tó bá ti gbà á tán ni ẹsẹ̀ ọ̀tún á tó gbé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sọdá síwájú, tí ọwọ́ á wá tẹ̀ lé e.

“Ọ̀tún kàn ń lọ jíṣẹ́ ni,” ni wọ́n máa ń wí fún mi. “Òsì ló ń gbé ọ dúró.”

Pípadà sí àárín lẹ́yìn tí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán, ilé ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn, lórí pèpéle oníṣìmẹ́ǹtì tí wọ́n máa ń sá kòkó sí. Àwa ọmọ la máa ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ inú kòkó náà kí ó lè yí abẹ́ sókè sí oòrùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, nítorí ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á tẹ kòkó fọ́, ìyá àgbà á sì gbọ́. Bàbá mi á mú mi dúró sí etí kan, wọn á ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ rìn dé etí kejì. Kòkó á máa dún ṣàà, ṣàà, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Títí di òní, bí mo bá sáré padà sí àárín kọ́ọ̀tù, òórùn kòkó ni mo máa ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí bàbá mi fúnra wọn lórí kọ́ọ̀tù kí n tó tẹ̀ síwájú, torí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wa lẹ́yìn náà. Tíṣà ọ̀dọ́ kan dé sí ilé ìwé wọn, ó lágbára bí akọ màlúù, ó sì ń fọ́nnu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, apá òsì bàbá mi nìkan ló gbá gbogbo bọ́ọ̀lù sí, ó rò pé àgbà ọkùnrin kò ní lè máa sáré débẹ̀. Bàbá mi kò sáré. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. N kò wo ọwọ́ wọn rárá, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹsẹ̀ náà kì í dún. Lórí ilẹ̀ pupa gbígbẹ, bàtà tíṣà ọ̀dọ́ yẹn ń dún gbì, gbì. Ti bàbá mi kò dún. Wọ́n kàn ń yí, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń sọdá. Orí mi wú. Mo dúró síbẹ̀, mo gbàgbé omi tí wọ́n ní kí n lọ bù wá.

Èmi ò rí i ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dorí kọ apá òsì mi, mo máa ń sá yí i ká ni, kí n lè fi ọwọ́ iwájú gbá a. Bàbá mi á mi orí. Wọn á ní mò ń sá fún òsì mi.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, Ọ̀bà-Ilé ni mo sì kọ́ ilé sí. Ìrọ̀lẹ́, àti àárọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, ni mo máa ń gbá tẹníìsì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aṣọ, Mùsùlùmí ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá tẹ̀dó. Tòun ti híjáàbù ló fi máa ń nà mí. Kò ní àṣírí kankan ju pé ó mọ òsì mi lọ. Á ní ilé onílẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mí, òun sì ti mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Mo máa ń bínú sí i, mo sì máa ń padà wá lọ́jọ́ kejì.

Orí kọ́ọ̀tù tí àwa méjèèjì ti ń gbá a ni mo wà ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, tí ìyá mi fi pè mí láti Oǹdó pé bàbá mi ti ṣubú nílé ìwẹ̀. Ọjọ́ Sunday ni, wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sítírókù. Ọwọ́ òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú. Ẹnu wọn wúwo díẹ̀, wọ́n sì pa Yorùbá ilé ìwé tì, Oǹdó pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì ti di ẹni tó ń lọ Oǹdó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Àbọ̀ àwo ni wọ́n ń jẹ. Ìyá mi á bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wọn, wọn á jẹ apá ọ̀tún àwo náà mọ́ tónítóní, wọn á fi apá òsì sílẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, wọn á sì ní ebi ṣì ń pa àwọn. Ìyá mi wọ ilé ìdáná lọ sunkún pé lẹ́yìn gbogbo ọdún tí àwọn ti ń sè é, oúnjẹ àwọn kò wá dùn mọ́ ọkọ àwọn lẹ́nu mọ́. Irùngbọ̀n wọn náà, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n fá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ni mo wọ inú mọ́tò mi, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Obìnrin físíò kan, àwọn tó máa ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún ẹsẹ̀ gbé, máa ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọdé ni lójú tiwa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Lọ́jọ́ kan tó wọlé, ó ní kí gbogbo wa dúró sí ibi tí a wà, kí ẹnikẹ́ni má mira. Ènìyàn mẹ́fà ni wá nínú yàrá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí wọn wà lára wa. Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa kóra jọ sí. Ibẹ̀ ni àga wà, ibẹ̀ ni omi wà, ibẹ̀ ni Bíbélì àti fóònù wà. Ní apá òsì, ògiri ni. Ó bi wá léèrè ìdí tí kò fi sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìyá mi dá a lóhùn bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ tí a kò kọ́ dáadáa. Wọ́n ní ta ni yóò gbé ife sí àgbàlagbà ní ọwọ́ òsì? Ta ni yóò gba òsì kí baálé ilé? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣé baba fúnra rẹ̀ la ó wá máa na nǹkan sí lọ́wọ́ òsì? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo kàwé, tí mo jókòó sí ọ́fíìsì.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan fún ìyá mi kó tó sọ̀rọ̀. “Mà,” ó ní, “ìwà ọmọlúàbí yín ló ń pa ẹsẹ̀ Bàbá.”

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àìsàn náà ti pa apá òsì ayé rẹ́ kúrò nínú orí wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rí ààbọ̀ oúnjẹ. Apá tí ẹnikẹ́ni kò bá pè, orí á gbàgbé rẹ̀ pátápátá ni. Ó ní láti òní lọ, òsì ni kí a ti máa kí wọn, òsì ni kí a ti máa fún wọn ní omi, ọwọ́ òsì sì ni kí a máa gbé e sí. Ó sì fi èyí tó burú jù kún un: bí ẹsẹ̀ òsì yẹn kò bá gba ẹrù ara kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, yóò gan, kẹ̀kẹ́ arọ ló sì kù.

A rò pé bàbá mi ti sùn. Wọn ò sùn. Nígbà tí ilé dá, tí ó ku èmi nìkan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Má jẹ́ kí wọ́n máa tì mí kiri bí ọmọlanke.” Ẹni tí ẹsẹ̀ wọn kì í dún nìyẹn o. Mo ṣèlérí fún wọn, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi mú un ṣẹ.

A yí bẹ́ẹ̀dì padà kí ẹnu ọ̀nà lè bọ́ sí apá òsì. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọn á kúnlẹ̀ ní apá òsì, wọn á ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá, wọ́n ní kí n ṣe é ni,” kí wọ́n tó ki ife sí ọwọ́ náà, tí wọn á sì fi ọwọ́ tiwọn ká ìka Bàbá mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́, gbogbo ife omi, ẹ̀bẹ̀ ní ń ṣíwájú rẹ̀. Bàbá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ jálẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n gbé àga wọn padà sí ọ̀tún, wọ́n ní kí àìsàn má sọ wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Inú bí mi, ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí àgbà. Ṣùgbọ́n kí ni mò ń bínú sí? Sátidé yẹn gan-an, mo bó ọsàn fún wọn, mo dúró ní apá òsì wọn bí físíò ṣe kọ́ wa, ọwọ́ mi sì dá yí lọ síwájú wọn, ó gbé ọsàn náà sí ọ̀tún. Ojú tì mí fún ara mi.

Díẹ̀díẹ̀ orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òsì bí ènìyàn bá wọlé. Wọ́n ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀. Físíò á fi ìgbànú gbòòrò di ìbàdí wọn, á gbé wọn dìde ní fàráńdà, á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ara lé òsì. Ọ̀tún ni wọ́n máa rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n bínú, wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì tó wà nínú bàtà wọn, wọ́n ní kí a gbé e kúrò, ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tàwọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Oṣù tí físíò dá fún wa ń lọ sópin. Ìyá mi ti ń wádìí ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n má sọ fún Bàbá.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, mo ti gbá tẹníìsì ní àárọ̀ ní Àkúrẹ́, n kò yà sílé, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká dé Oǹdó. Fàráńdà ni mo bá wọn. Físíò wà lẹ́yìn wọn, ó di ìgbànú mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ara wọn sì ti tẹ̀ sí ọ̀tún. Bí mo ṣe gbé báàgì kalẹ̀ láti kí wọn, bọ́ọ̀lù kan jábọ́ nínú rẹ̀, ó ń yí lọ lórí ṣìmẹ́ǹtì sí apá òsì wọn. Orí bàbá mi yí, ó ń tẹ̀ lé e, títí bọ́ọ̀lù náà fi dúró sí ìdí ìkòkò òdòdó. Èmi àti físíò wo ara wa. Mo bi í bóyá mo lè ju ọ̀kan sí wọn. Ó fún ìgbànú mọ́wọ́, ó mi orí pé kí n jù ú.

Mo dúró níwájú wọn níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ọlọ́run gbọ́, òsì ni mo fẹ́ jù ú sí. Ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀kọ́ ilé! Wọ́n yọ ọwọ́ lára ògiri, wọ́n hán an, wọ́n jù ú padà sí mi, ẹsẹ̀ wọn kò mira. Wọ́n wá fi ojú àtijọ́ yẹn wò mí, ojú ìgbà tí bébà kò bá yọ.

“Òsì,” ni wọ́n wí.

Mo jù ú sí òsì.

N kò mọ bí n ó ṣe sọ ohun tí mo rí kí ẹ gbà mí gbọ́. Èjìká wọn yí. Ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kì í ṣe tàwọn, yí lórí ṣìmẹ́ǹtì, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ó sì gba ẹrù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbéra kúrò nílẹ̀, ó sọdá, ó tẹlẹ̀ síwájú. Apá ọ̀tún wọn gba iwájú àyà kọjá, ẹ̀yìn ọwọ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù náà, ó padà wá bà mí láyà. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni bàbá mi fi dúró, ẹsẹ̀ wọn kò sì dún.

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn bo ẹnu. Físíò sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbànú dẹ̀ lọ́wọ́ òun, òun kò di nǹkan kan mú. Ibo ni ìgbésẹ̀ yẹn wà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú? Kò sí lórí, torí orí ti gbàgbé pé òsì wà láyé. Ta ló bá wọn tọ́jú rẹ̀? Mo rò ó títí mo fi dé Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣì ń rò ó. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ nípa iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n fàráńdà ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rù Ọlọ́run tọkàntọkàn.

Bàbá mi ni kò rí nǹkan ìyanu kankan níbẹ̀. Wọ́n di ògiri mú padà, wọ́n lejú. “Mo pẹ́,” wọ́n ní. “Tún un jù.”

Láti ọjọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù di oògùn. Físíò ń ju tirẹ̀ ní ọjọ́ méjì tó ń wá, èmi ń ju tèmi ní Sátidé, ìyá mi ń jù ú ní ọjọ́ yòókù, àwọn tí wọn kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn. Wọn kò jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀. Wọn á ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá,” wọn á sì jù ú sí òsì pẹ̀lú gbogbo agbára. Oṣù parí, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ló padà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀, wọn kò sì ní sáré mọ́. Ọwọ́ òsì náà ṣì ń jókòó lórí itan wọn bí àlejò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá àgbà tó gbé àga yẹn ló sì kọ́kọ́ dìde kí wọn. Apá òsì ni wọ́n ti wá kí wọn.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ wo kọ́ọ̀tù àtijọ́. Nẹ́ẹ̀tì kò sí mọ́, koríko ti jẹ ìdajì ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì pupa. Wọ́n rìn láti ẹnu mọ́tò dé ìdí ìlà, mo ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àga oníke kan, n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń ka ìgbésẹ̀ wọn. Wọ́n jókòó. Mo sọ fún wọn pé aláṣọ ọ̀rẹ́ mi ṣì ń nà mí ní òsì. Wọ́n ní kí n kó bọ́ọ̀lù wá. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn, ọwọ́ mi kò yà mọ́.

Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lórí itan wọn, ó ń gbọ̀n, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, òógùn ń yọ níwájú orí wọn, títí ó fi nà dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn ìka sì ṣí. Ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi ń na nǹkan sí mi. Nílé wa, ẹni tí a kórìíra nìkan la lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ dúró sí ìdí ìlà, àwọn fẹ́ wo ẹsẹ̀ mi.